Kòkòrò Ti Jáde, Àìsàn Kò Jáde

Ìgbà wo ni àìsàn tán? Bí àìsàn náà bá jẹ́ ti kòkòrò inú, ìdáhùn dókítà àti ti ẹni tó ń ta oògùn nínú ṣọ́ọ̀bù kì í yàtọ̀ síra: ó tán nígbà tí kòkòrò bá ti kú, tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ sì fi hàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ìdáhùn yìí wúlò. Òun ni wọ́n fi ń mọ iye ọjọ́ tí ènìyàn yóò lo oògùn, òun náà ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí aláìsàn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó gbà láìwádìí, pé àìsàn àti ohun tó fà á kò ju ẹyọ kan lọ, débi pé bí ọ̀kan bá lọ, èkejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn kan wà tí ara wọn ti ń ta ko ìdáhùn yìí fún ọdún mẹ́wàá gbáko, tí wọ́n sì ti ka iye wọn, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlú Bergen ní ilẹ̀ Nọ́wè ni wọ́n wà.

Ìlú òjò ni Bergen, òkun wà níwájú rẹ̀, òkè sì yí i ká. Ní 2004, apá kan àárín ìlú náà ń mu omi láti Svartediket, adágún tó wà nísàlẹ̀ òkè Ulriken. Kílórínì ni wọ́n fi ń tọ́jú omi ọ̀hún. Kílórínì ń pa bakitéríà dáadáa, ṣùgbọ́n Giardia kì í ṣe bakitéríà. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, ìfun kékeré ló ń gbé, nígbà tó bá sì ń bá ìgbẹ́ jáde, á gbé èèpo líle wọ̀ tí ìwọ̀n kílórínì inú omi mímu kò lè fọ́. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún náà, omi ìdọ̀tí wọ inú adágún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà tọ́ka sí páìpù ìdọ̀tí tó ń jò láti àwọn ilé tó wà nítòsí gẹ́gẹ́ bí orísun tó ṣeé gbà gbọ́ jù. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti kọjá. Ní Nọ́wè, àìsàn àwọn tó rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ka Giardia sí, nítorí náà kò sẹ́ni tó ronú pé kí wọ́n wá a nínú ìgbẹ́ ẹni tí kò kúrò nílé. Àìsàn tí wọ́n kà sí ti àlejò ń jáde láti ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Ẹni 1,252 ni àyẹ̀wò fìdí tiwọn múlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́. Àwọn tó kó o láìṣe àyẹ̀wò pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

Giardia kì í ṣe ohun tuntun láyé. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ará Delft ní ilẹ̀ Hólàńdì tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán gíláàsì awò rẹ̀, rí i ní 1681 nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀ nígbà tí inú ń ṣu ú. Vilém Lambl sì ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa ní Prague ní 1859. Kì í jẹ ẹran ara, kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àyà pẹlẹbẹ rẹ̀ ló fi ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun, níbi tí ara ti ń gba oúnjẹ, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa bí sí i. Ìgbẹ́ á rọ̀, á máa rùn, á ní ọ̀rá lórí. Inú á wú, ara á máa rù. Nínú ìwádìí tí Rendtorff ṣe ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1950, tó fi kòkòrò náà sínú oògùn oníhóró fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó yọ̀ǹda ara wọn, èèpo mẹ́wàá péré tó láti ran ènìyàn. Bóyá ẹlẹ́wọ̀n tilẹ̀ lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Oògùn wà fún un. Metronidazole, tí àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà mọ̀ sí Flagyl, ni àwọn ará Bergen lò. Àwọn tí kòkòrò náà kò tètè fi sílẹ̀ gba oògùn mìíràn mọ́ ọn. Kòkòrò kúrò lára ọ̀pọ̀ wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́dọ̀ dókítà. Àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ inú ń wú lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbẹ́ á rọ̀ lónìí á le lọ́la, àárẹ̀ kan sì wà lára wọn tí oorun kò tán. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní lọ jìnnà: wọ́n á ní kó lọ sinmi, kó dín àníyàn kù. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ní Bergen ni pé wọ́n pọ̀, ọjọ́ tí kòkòrò wọlé sí wọn lára kò jìnnà síra, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé.

Àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Bergen àti ilé ìwòsàn Haukeland, lára wọn Knut-Arne Wensaas, Kurt Hanevik, Nina Langeland àti Guri Rortveit, kọ̀wé sí àwọn 1,252 náà. Wọ́n tún kọ̀wé sí àwọn ará ìlú kan náà tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí àkọsílẹ̀ àìsàn ọ̀hún kò sí fún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kó Giardia, 46 ló ní ìnira inú tí àwọn dókítà ń pè ní IBS. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yòókù, 14 ni. Ní ti àárẹ̀ tí kì í lọ, 46 sí 12 ni. Nígbà tó di ọdún kẹfà, ìnira inú jẹ́ 39 sí 12, àárẹ̀ sì jẹ́ 31 sí 11. Ní ọdún kẹwàá, ìnira inú wà ní 43 sí 14, àárẹ̀ ní 26 sí 11. Àárẹ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Inú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá láti ọdún kẹta.

Ó yẹ kí ènìyàn yẹ àwọn nọ́ńbà yìí wò dáadáa kó tó gbé wọn mì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yẹn, nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti kó àìsàn náà ló dáhùn ìwé, àwọn tó dáhùn nínú ẹgbẹ́ kejì kò ju 31 lọ. Ẹni tí inú ń run sì ni yóò yára kọ èsì sí ìwé tó ń béèrè nípa inú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ kìíní, yóò rí bẹ́ẹ̀ fún èkejì náà, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, torí pé ìwọ̀nba àwọn tó bìkítà ló kọ̀wé padà. Àlàfo tó wà láàrin 43 àti 14 fẹ̀ ju ohun tí ìyẹn nìkan lè fà.

Ohun tó ṣòroó yanjú ni 14 yẹn fúnra rẹ̀. Bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò kó Giardia bá ní inú tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, á jẹ́ pé nínú 43 tó ní in lẹ́yìn Giardia, nǹkan bí 14 ni ì bá ní in bí omi ìlú tilẹ̀ mọ́ gaara. Nǹkan bí 29 ló kù tí ọ̀rọ̀ omi kàn. Àwọn wo ni? Kò sí àyẹ̀wò tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo wọn pa pọ̀ lè sọ̀rọ̀ láìmikàn pé omi yẹn ló ṣe wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè dìde kó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú kan náà. Ìmọ̀ tó dájú nípa ẹgbẹ́ di àbá lásán nígbà tó bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, níwájú adájọ́, níwájú ọ̀gá ibi iṣẹ́, níwájú ìyàwó tàbí ọkọ tí ọ̀rọ̀ náà ti sú, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dúró, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún.

Láti ibí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ti yí padà di òmíràn: kí ni a tilẹ̀ ń pè ní àìsàn? Christopher Boorse, amòye ará Amẹ́ríkà, dáhùn ní 1977 pé àìsàn ni kí ẹ̀yà ara kan má ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó bí ó ti máa ń rí lára irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ṣe aláìsàn lára kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ìfun lè ṣàìsàn kí olúwa rẹ̀ má mọ̀. Ìdáhùn yìí mọ́, ó sì ní agbára. Ní ti àwọn ará Bergen, kò sọ pé wọn kò ṣàìsàn. Àwọn oníwádìí ti dábàá oríṣiríṣi ohun tó lè ti yí padà: iṣan ìmọ̀lára inú ìfun tó ti di aláìfarada débi pé gáàsì díẹ̀ ń dun ún bí ọgbẹ́, àwọn bakitéríà rere tí ètò wọn ti dàrú, àwọn ajàgun ara tí kò gbọ́ pé ogun ti parí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ òótọ́, Boorse yóò gbà pé àìsàn wà níbẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé, títí dìgbà tí wọn yóò fi rí ohun tó bàjẹ́ náà, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ní ohunkóhun tí yóò sọ fún aláìsàn ju pé kó máa dúró.

Georges Canguilhem kò dúró. Ọmọ Faransé ni, ó ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò kó tó lọ kọ́ ìṣègùn, ìwé tó sì fi gba oyè ìṣègùn ní 1943, ní àárín ogun, dá lórí ohun tó yẹ kí a pè ní aláàfíà àti ohun tó yẹ kí a pè ní àìsàn. René Leriche, oníṣẹ́ abẹ olókìkí ìgbà yẹn, ti sọ pé bí a bá fẹ́ mọ àìsàn bó ti rí, àfi ká yọ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí dókítà bá rí ló jẹ́ òótọ́, kì í ṣe ohun tí aláìsàn ń rò. Canguilhem fèsì pé dókítà kì bá tí mọ ibi tó yẹ kó wò bí kò bá jẹ́ pé àwọn ènìyàn kan ti kọ́kọ́ kérora. Ìkérora ló bí ìṣègùn. Ó tún sọ ohun kan tó bá ọ̀rọ̀ Bergen mu ju èyí lọ, pé ìwòsàn kì í mú ènìyàn padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ara á wá ìlànà tuntun tí yóò máa fi gbé ayé, ìlànà yẹn sì lè há ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí kò lè mu wàrà mọ́, tó ń yẹra fún àlùbọ́sà àti ẹ̀wà, tó ti mọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ rẹ̀, lè lo oṣù kan láìsí inú rírun. Ara rẹ̀ yá níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kúrò nínú ọgbà kékeré tó dá fún ara rẹ̀. Lójú Canguilhem, ìyẹn gan-an ni àìsàn: kì í ṣe pé kò sí ètò, ètò wà, ṣùgbọ́n kò fara da ìyípadà.

Ó ṣòro kí ènìyàn má gbe Canguilhem lẹ́yìn. Àmọ́ ewu tirẹ̀ náà wà níbẹ̀: bí ìkérora bá tó láti sọ ohun kan di àìsàn, irọ́ àti àṣìṣe á rí ọ̀nà wọlé. Miranda Fricker, amòye mìíràn, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2007, fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n. Ó ní ìwà ìrẹ́jẹ kan wà tó jẹ́ ti ìmọ̀, níbi tí a kò ti gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́ tó bó ṣe yẹ, kì í ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò gún, bí kò ṣe nítorí irú ẹni tó sọ ọ́. Kò ní ká gba gbogbo ohun tí aláìsàn bá sọ. Ohun tó ní ká má ṣe ni kí a ti dá a lẹ́jọ́ kó tó lanu. Àwọn tí kì í tètè rí ẹni gbà wọ́n gbọ́ sì ni àwọn tí irú àárẹ̀ yìí ń bá jà jù: obìnrin, ọ̀dọ́, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán tí kò rù. Ní Bergen, àfi ìgbà tí nọ́ńbà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ohun tí ẹnu ti sọ lọ́dún mélòó kan ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kò tíì burú tó nígbà tí wọ́n bá ní aláìsàn ń fojú inú rí àìsàn. Ó máa ń burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá sọ àìsàn di ìwà ẹni. Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún jẹ́ àpẹẹrẹ. Àwọn aláìní níbẹ̀, funfun àti dúdú, ni àwọn ará àríwá máa ń pè ní ọ̀lẹ látilẹ̀wá: wọ́n ń jókòó sójú ilé lọ́sàn-án gangan, ojú wọn kò dán, awọ ara wọn funfun bí ẹfun, ọmọ wọn kì í ka ìwé wọ agbárí. Ní 1902, Charles Wardell Stiles, onímọ̀ nípa kòkòrò afàìsàn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, sọ pé ohun tó ń ṣe wọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ bí kò ṣe aràn kan, Necator americanus. Atẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà ni aràn yìí ń gbà wọlé láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ya ìgbẹ́ sí. Ó ń gba ẹ̀dọ̀fóró gòkè dé ọ̀fun, ẹni náà á gbé e mì, á sì wọ ìfun, níbi tí yóò ti máa fa ẹ̀jẹ̀ mu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọkọ̀ ẹrú ló gbé e dé Amẹ́ríkà láti Áfíríkà. Ìwé ìròyìn kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ tó túmọ̀ sí kòkòrò ọ̀lẹ. Ní 1909, John D. Rockefeller fi mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀ fún gbígbógun tì í ní ìpínlẹ̀ mọ́kànlá, nínú àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ní in. Ọdún 2007 ni Hoyt Bleakley, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, padà lọ wo àkọsílẹ̀, ó sì rí i pé ibi tí aràn náà ti pọ̀ jù ni wíwá sí ilé ìwé àti mímọ̀ ọ́n kà ti gbèrú jù lẹ́yìn ìpolongo yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí wọ́n gbèjà gan-an bínú, nítorí pé ẹni tí wọ́n ní kì í ṣe ọ̀lẹ, wọ́n ti tún ní kò dá ara rẹ̀ darí, aràn ló ń darí rẹ̀. Ìdájọ́ kúrò, ẹ̀gàn dúró. Ohun tó sì farasin nínú ẹjọ́ wọn àti ti Bergen ni pé àárẹ̀ kò ní àmì tí ó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àìfẹ́ṣiṣẹ́. Ojú kan náà ni méjèèjì ní lójú ẹni tó ń wò láti òde. Ilẹ̀ Yorùbá, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ṣeré, kò ní òṣùwọ̀n tó dára ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ níhìn-ín: ẹni tí kò bá dá oko lójú ẹgbẹ́, tí kò ní ibà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣẹ́, orúkọ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ tí wọ́n máa pè é.

Ìbéèrè kan wà tí aláìsàn máa ń bi ara rẹ̀ tí dókítà kì í gbé ka orí tábìlì: kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ènìyàn méjì nínú ilé kan mu omi láti ẹ̀rọ kan; inú ọ̀kan mọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, èkejì ń bá a yí fún ọdún mẹ́wàá. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè sọ ìwọ̀n ewu, kò ní èsì fún «kí ló dé». Babaláwo kò sẹ́ pé kòkòrò wà. Ohun tó ń wádìí ni ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, bóyá ayé ni, bóyá orí ni. Mùsùlùmí tó ń ṣe sùúrù gbà pé kádàrá ni, àti pé ìrora á máa wẹ ẹ̀ṣẹ̀ dànù. Nínú Ìhìnrere Jòhánù orí kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Jésù kọ ìbéèrè náà fúnra rẹ̀: kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Ẹ̀sìn ní ìdáhùn fún ìdí tí àìsàn fi wá, ó sì ní ìdáhùn fún bí yóò ṣe lọ. Èyí tó wà láàrin, àìsàn tó lọ tí kò sì lọ tán, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà ju ìbú ojú abẹ́rẹ́ lọ nínú ìwàásù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nínú ìwé mímọ́ gedegbe. Jákọ́bù jìjàkadì di àfẹ̀mọ́júmọ́, ó gba ìbùkún, ó gba orúkọ tuntun, ó sì ń tiro lọ nígbà tí oòrùn là bá a. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, ẹ̀gún náà kò kúrò. Nínú Súrà Ṣọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí Ànábì Ayyúbù fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, omi tútù sì yọ fún un láti wẹ̀ àti láti mu. Ní ti Jóòbù inú Bíbélì, orí kejìlélógójì ka àgùntàn rẹ̀, ràkúnmí rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tuntun lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ kan níbẹ̀ tó sọ pé eéwo ara rẹ̀ gbẹ. Òǹkàwé ló máa ń bá a fi kún un. Ìṣẹ̀ṣe Yorùbá náà wá àyè fún ohun tí kò ní yí padà: abuké, arọ àti àfín jẹ́ ẹni òrìṣà, Ọbàtálá ló ni wọ́n, a kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí ni Ọbàtálá fi ń mọ ẹni tirẹ̀. Inú tó ń run kò ní iké.

Nínú àwọn ìjọ tó gbájú mọ́ ìwòsàn, aláìsàn máa ń jẹ́rìí lọ́jọ́ ìsinmi kan pé òun ti sàn. Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, orúkọ Ọlọ́run á ga. Bí inú bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀nà méjì ló kù fún un, yálà kó pa á mọ́ra tàbí kí wọ́n ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló yẹ̀. Ó yani lẹ́nu bí ìwòsàn orí pẹpẹ yìí ṣe jọ ti láábù tó. Láàrin ẹni tó ń ka àbájáde àyẹ̀wò àti ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó rí ìwòsàn, àdéhùn kan wà láìsọ: ìwòsàn jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan tí a lè tọ́ka sí, ìrora tó bá sì wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú yẹn jẹ́ ẹjọ́ ẹni tó ń rora.

Ìdàkejì ọ̀rọ̀ yìí náà wà, níbi tí kòkòrò wà tí àìsàn kò sí, tàbí tó dà bí ẹni pé kò sí. Anthony Buckley, tó tẹ ìwé kan jáde ní 1985 lórí ìṣègùn Yorùbá, kọ ohun tí àwọn oníṣègùn sọ fún un sílẹ̀: pé aràn àti kòkòrò ń gbé nínú àpò tiwọn nínú ara gbogbo ènìyàn, pé wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú jíjẹ oúnjẹ kúnná, pé àìsàn kò dé àfi tí wọ́n bá pọ̀ jù tí wọ́n sì kún àpò dà síta. Ohun dídùn ló ń mú wọn pọ̀, ohun kíkorò ló ń dá wọn padà sáyè wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mu ṣúgà jù ṣe ń gbọ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ń bọ̀, tí ìyá àgbà sì ń fún ọmọ ní omi ewúro. Nínú èrò yìí, kì í ṣe wíwà kòkòrò ni àìsàn, bí kò ṣe àṣejù rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè rẹ́rìn-ín sí àpò, ṣùgbọ́n kò yẹ kó rẹ́rìn-ín sí gbogbo rẹ̀: nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n Rendtorff, ọ̀pọ̀ tó kó Giardia ni inú kò run rárá.

Ibi tí èrò àpò ti kù díẹ̀ káàtó ni ti ọmọdé. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní MAL-ED tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, lára wọn Bràsíl, Pèrú, Tanzania àti Bangladesh. Giardia kò mú kí ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ sí i lára wọn. Àwọn ọmọ tó tètè wọ̀ lára, tí kò sì fi wọ́n sílẹ̀, ló kúrú díẹ̀ ju ẹgbẹ́ wọn lọ nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjì. Kò sí ìgbẹ́ gbuuru, kò sí ẹkún, kò sí ìyá tó sáré lọ sí ilé ìwòsàn, síbẹ̀ nǹkan lọ. Ní Fortaleza, ní àríwá ìlà oòrùn Bràsíl, Richard Guerrant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1999 pé àwọn ọmọ tí inú ń ṣu púpọ̀ láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yege nínú ìdánwò ọpọlọ, ní ọdún mẹ́rin sí méje lẹ́yìn náà. Níhìn-ín, Canguilhem kò ní ìdáhùn tó yá. Ọmọ tí kò tíì mọ irú ara tí ì bá ní kò lè kérora pé ara òun kò rí bó ti yẹ. Boorse ló gba ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: ìpalára wà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Amòye méjèèjì kò lè gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún ara wọn, ọ̀rọ̀ kòkòrò inú sì nílò méjèèjì.

Ohun tó mú kí ẹ̀rí Bergen dúró ni pé omi ìlú náà mọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì mọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ tó parí, wọ́n sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún aládùúgbò tí kòkòrò náà kò kàn rí tí wọ́n lè fi wé. Ìbàdàn, Èkó àti Kùtọnu kò ní irú ìyẹn. Ọmọ tó ń mu omi kànga àti omi inú ọ̀rá ń pàdé Giardia láti kékeré, á kúrò, á tún padà, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tí a lè tọ́ka sí pé àwọn yìí kò rí i rí. Bí ìnira inú àti àárẹ̀ tí kì í tán bá tilẹ̀ wọ́pọ̀ níbẹ̀ ju ti Bergen lọ, ìṣirò tó gba àwọn ará Bergen lọ́wọ́ iyèméjì kò lè rí i, torí pé gbogbo ènìyàn ló wà ní ìhà kan náà ìlà. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni àkọsílẹ̀ ohun tí aláìsàn kan náà ń sọ láti ọdún dé ọdún. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹni tó bá sọ káàdì rẹ̀ nù á ra tuntun, nọ́ọ̀sì á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ìwé òfìfo.